Níbo Lára Màlúù Ni Wọ́n Ti Gé Silverside?

Ní Bódìjà, ojú ni mo fi ń ra ẹran. Màlúù nà gbalaja lórí tábìlì, orúkọ tí a sì ń pe ẹran ni orúkọ ibi tí wọ́n ti gé e: igẹ̀, itan, ìrù, iké, ẹ̀dọ̀, fùkù. Ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ kò lè ṣì í rà. Àfi ìgbà tí mo dé Manchester, tí mo dúró níwájú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní agogo méje alẹ́, níbi tí wọ́n ń lẹ sítíkà yẹ́lò ẹ̀dínwó mọ́ àwọn ẹran tí ọjọ́ wọn fẹ́ pé. Silverside. Topside. Feather blade. Skirt. Síkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ta ló ń jẹ aṣọ?

Silverside ni mo kọ́kọ́ gbé, torí ó wuyì lójú: ó pupa, kò lọ́rà, kò léegun, wọ́n sì ti já owó rẹ̀ láti pọ́n-ùn 8 sí 3. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo bọ̀ ọ́, mo dà á sínú ọbẹ̀ ata bí mo ṣe ń ṣe nílé. Ńṣe ló gbẹ, tó ń fà bí òwú láàárín eyín. Ọkọ mi jẹ ẹyọ kan, ó rọra ti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó lóun ti yó.

Alápatà ará Pakistan kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Mo bi í pé níbo ni silverside wà. Kò sọ̀rọ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó fọwọ́ gbá ẹ̀yìn itan ara rẹ̀. Topside ńkọ́? Ó gbá inú itan. Feather blade? Ó na ọwọ́ dé eegun pẹlẹbẹ èjìká. Nígbà tó dórí skirt, ó tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀, kí n lè rí ẹran tó ń gbé èémí sókè sódò. Brisket ló kẹ́yìn. Ó gbá àyà báyìí, èmi náà sì pariwo: "Igẹ̀!" Àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò mí. Mo bi í ní iké, ó rẹ́rìn-ín. Màlúù ìhín kò ní iké.

Láti ìgbà náà, feather blade ni mo ń ṣọ́. Iṣan funfun kan là á láàárín gbọọrọ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, ojú rẹ̀ sì ni àwọn Òyìnbó ń wò tí wọ́n fi ń sá fún un. Ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, iṣan yẹn á yọ́, á di jẹ́lì tí ń lẹ̀ mọ́ ètè. Ìkánjú ló ń jẹ́ kí sítíkà bá a.

Ọmọ àgùntàn New Zealand ló tún dẹ́rù bà mí. Inú ọ̀rá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ló wà, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òkun. Mo já a, ẹran náà ṣú bí àwọ̀ ẹni tó fara gbá, òórùn kíkan sì bu jáde. Mo ti gbé e dé ẹnu garawa ìdọ̀tí kí ọmọ tó ké, mo sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Bí ìdajì wákàtí, mo padà wá bá a ní pupa fòò, òórùn ti lọ. Afẹ́fẹ́ ni kò rí. Èyí tó bá bàjẹ́ lóòótọ́, òórùn rẹ̀ kì í lọ, ara rẹ̀ a sì máa yọ̀.

N kò sọ fún màmá mi. Òun kì í jẹ ẹran tí kò mọ ọjọ́ tó kú. Nílé, ẹja inú yìnyín là ń pè ní òkú Èkó, ìjọba sì ti fòfin de tòlótòló tí wọ́n ń gba Kútọnu kó wọlé tipẹ́, bí gbogbo wa tilẹ̀ ń rà á. Níhìn-ín, láti 2002, ara bébà ẹran màlúù gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti bí i, ibi tó ti dàgbà àti ibi tí wọ́n ti pa á. Àrùn màlúù tó ń ya wèrè ló fa gbogbo èyí. Àǹtí mi tó ti pẹ́ ní London ṣì ń ráhùn pé láti ìparí 1997 dé ìparí 1999, òfin kò jẹ́ kí òun rí ìrù màlúù rà.

Ẹ̀dínwó ìrọ̀lẹ́ wà ní Bódìjà náà o, ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń gbà á: "Ìyá Ìbejì, ẹ má lọ, igẹ̀ yìí ló kù, ẹ kó o, màá fi fùkù ṣe èènì." Sítíkà yẹ́lò kì í ṣe èènì.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ń rà báyìí, àfi ṣàkì wọn. Wọ́n ti bó o títí ó fi funfun bí òwú, kò tilẹ̀ rántí pé òun ti wà nínú màlúù rí. Àwọn àgbà agbègbè wa níhìn-ín ní mílíìkì àti àlùbọ́sà làwọn fi ń sè é. Ṣàkì nínú mílíìkì! Kí wọ́n lẹ sítíkà mẹ́wàá mọ́ ọn.