Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí àwòrán tuntun nínú GIMP

Ní Kubwa, ní Àbújá níhìn-ín, èmi ni ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa máa ń gbé iṣẹ́ ìwé ìkéde lé lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. GIMP, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àwòrán tí a kì í sanwó fún, ni mo ń lò.

Mo ṣí àwòrán tuntun lábẹ́ File. Nítorí pé orí bébà A4 ni a ó tẹ̀ ẹ́ sí, mo fi ìbú rẹ̀ sí píksẹ́lì (àmì kéékèèké inú àwòrán) 2480, gíga rẹ̀ sí 3508, mo sì fi resolution, ìyẹn iye píksẹ́lì inú ínṣì kan, sí 300, kí ọ̀rọ̀ má baà ṣe bàìbàì. Mo tẹ lẹ́tà T láti mú irinṣẹ́ ìkọ̀wé, mo fi mọ́ọ̀sì tẹ ibi tí mo fẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Àmì ohùn ni wàhálà wà. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ tàbí ọ, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì (irú ìrísí lẹ́tà) tó rẹwà lójú sì máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Bí àmì bá ṣí nípò, ọkọ̀ lè di ọkọ́ lójú ẹni tó ń kà á. Fọ́ǹtì Charis SIL kì í dójú tì mí.

XCF, irú fáìlì GIMP fúnra rẹ̀, ni mo fi ń tọ́jú iṣẹ́ náà, kí n lè tún ọ̀rọ̀ kọ bí àwọn àgbà bá yí ọjọ́ ìpàdé padà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. PNG, irú fáìlì àwòrán lásán, ni mo ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.