Bọ́tìnì tí a fi sínú ímeèlì ilé-iṣẹ́ wa: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, nígbà tí ìyá tó ń bójú tó owó sísan níbi iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo bá wọn níwájú kọ̀ǹpútà, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Jọ̀ọ́, wá bá mi wo nǹkan yìí. Àwọn tí a ń ra páàtì jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ wọn ní àwọn ò tíì rí owó àwọn. Mo sì ti sanwó fún wọn láti Ọjọ́rú."

₦4,200,000 ló ti lọ.

Mo jókòó ti ímeèlì tí wọ́n tẹ̀ lé sanwó náà. Lẹ́tà m wà nínú orúkọ àwọn ọlọ́jà yẹn. Nínú àdírẹ́sì tí ímeèlì yìí ti wá, r àti n ni wọ́n kọ sí ipò rẹ̀, wọ́n sì fara mọ́ra débi pé ojú tó ti ń wo ìṣirò láti àárọ̀ kò lè dá a mọ̀. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì wa wà níbẹ̀, iye owó rẹ̀ pé géérégé, orúkọ ọmọkùnrin tó máa ń kó ọjà wá pàápàá wà níbẹ̀. Nọ́ńbà akáǹtì nìkan ni wọ́n yí padà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ gbogbo èyí? Ìgbà tí mo wo ìtò inú àpò ímeèlì Mọ́mì ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ẹnì kan ti wọlé síbẹ̀, ó ti pàṣẹ pé ímeèlì yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà yẹn wá, kó máa lọ tààrà sínú fódà RSS Feeds, fódà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí níbi iṣẹ́ wa. Ímeèlì mẹ́ta tí àwọn ọlọ́jà fi ń béèrè owó wọn wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Mọ́mì tẹ páásíwọ́ọ̀dù wọn sójú ìwé kan tó jọ ti Microsoft. Wọ́n rántí ọjọ́ náà dáadáa. Wọ́n ní ó ṣe àwọn bákan, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ẹni tí àwọn ì bá sọ fún.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó náà lọ, torí èmi ló yẹ kí wọ́n sọ fún.

Báńkì bá wa dá díẹ̀ nínú owó náà dúró, èyí tó pọ̀ jù ti wọgbó. Ọ̀gá àgbà wá ní kí n wá nǹkan tí a máa fi sínú ímeèlì gbogbo òṣìṣẹ́, bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láti jábọ̀ ímeèlì tó bá ṣe é bákan. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá add-in, àfikún tó ń gbé irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ wọlé, nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ọ̀gá yín máa rán níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Add-in kì í ṣe ètò tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kékeré kan ni, tó ń sọ fún Outlook, áàpù Microsoft tí a fi ń ka ímeèlì, pé kó fi bọ́tìnì kan hàn, tó sì ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ bọ́tìnì náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, bọ́tìnì lè wà lójú kó má sì dáhùn. Ẹni tó ń ṣàkóso Microsoft 365 (àkójọ ímeèlì àti áàpù Microsoft tí ilé-iṣẹ́ ń lò) lè jókòó síbì kan, kó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-iṣẹ́ láti abala Integrated apps.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ka àṣẹ tó ń béèrè. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wù mí. Àṣẹ ReadWriteMailbox ló ń béèrè, ìyẹn ni pé ó lè ka gbogbo ohun tó wà nínú àpò, kó yí wọn padà, kó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ ẹni tó ni ín. Àwọn bọ́tìnì kan wà tó nílò àṣẹ tó tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n lè gbé ímeèlì burúkú kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é nígbà méjì, wọn ò fèsì. Mo fi í sílẹ̀, a sì ra òmíràn. Ọdẹ tí a gbà pé kó máa ṣọ́ géètì, tó wá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá, ó yẹ kó lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Tí ọ́fíìsì yín kò bá pọ̀, bọ́tìnì Report tí Microsoft ti kọ́ mọ́ Outlook lè tó yín, kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Àṣìṣe mi nìyí: mo fi èyí tí a rà ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní òpin oṣù. Ó lè gba wákàtí 24 kí add-in tó yọjú lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, èmi ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kó tó di aago mẹ́wàá, fóònù mi ò sinmi mọ́: "A ò rí nǹkan kan o." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣì ku èèyàn mẹ́sàn-án. Mo gbé ìwé àti bírò, mo ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, mo ń béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ ti ń ka ímeèlì?" Àwọn márùn-ún ti so Outlook wọn mọ́ ímeèlì pẹ̀lú IMAP, ọ̀nà àtijọ́ kan tí a fi ń gba ímeèlì, láti ayébáyé, add-in kì í sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó kù, orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á, nínú áàpù Gmail, bọ́tìnì ò lè yọjú níbẹ̀ láéláé. Ká ní mo ti rìn yípo yẹn ṣáájú ni! Ẹ fi èèyàn márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà rárá.

Òmíràn tún wà tó fi mí sínú òkùnkùn fún ọjọ́ mẹ́fà. A ṣí àpò ímeèlì kan tí gbogbo ohun tí wọ́n bá fi bọ́tìnì jábọ̀ máa wọ̀. Òfìfo ló wà. Mo rò pé àlàáfíà ti dé. Àṣé àsẹ́ tiwa fúnra wa, èyí tó ń dá ímeèlì burúkú dúró, ló ń mú àwọn ímeèlì náà, torí ohun búburú wà nínú wọn lóòótọ́! Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ àpò yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi SecOps mailbox (àpò àwọn tó ń bójú tó ààbò), lábẹ́ Advanced delivery nínú Defender, ìyẹn ètò ààbò Microsoft, kí ohun tí wọ́n jábọ̀ tó lè wọlé bó ṣe rí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, arákùnrin kan ní ibi ìkẹ́rùsí tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ìgbà kẹta, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó kàn pa ímeèlì náà rẹ́. Ó sọ fún mi pé, "Mo rò pé ẹ ò rí tiwa rò ni, bọ̀dá." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fèsì kó tó pé ààbọ̀ wákàtí, gbólóhùn méjì péré: "Ẹ ṣé gan-an. Olè ni, mo ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn yòókù." Tí kì í bá ṣe olè, mo tún ń dúpẹ́. Mánéjà kan fẹ́ ká máa lẹ orúkọ àwọn tó bá tẹ líǹkì burúkú mọ́ ojú pátákó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti fi í sílẹ̀. Ẹni tí ojú bá tì máa dákẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Mọ́mì fi dákẹ́ ni àwọn olè fi ka gbogbo ìwé wa.

Bọ́tìnì nìkan ò tó o. Ẹ tan ìwọlé onígbésẹ̀ méjì (páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ẹ̀rí mìíràn bíi kóòdù orí fóònù) fún gbogbo èèyàn. Ká ní ó wà, páásíwọ́ọ̀dù Mọ́mì nìkan kì bá tó wọn. Ẹ ṣètò SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ìdánwò tó ń fi hàn bóyá ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, sórí domain yín (orúkọ tó wà lẹ́yìn @), kí ẹ sì gbé DMARC láti p=none (kó kàn máa wò) lọ sí quarantine (kó yà á sọ́tọ̀), títí dé reject (kó kọ̀ ọ́), kí ẹlòmíràn má baà máa fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àdírẹ́sì tó fi rn dípò m lè yege nínú gbogbo ìdánwò yẹn, torí olè ló fowó ra domain náà, tirẹ̀ ni. Ohun tí ì bá gbà wá ni ìpè kan. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun yí akáǹtì padà, nọ́ńbà fóònù tó wà nínú fáìlì wa látijọ́ la máa ń pè, a kì í pe èyí tó wà nínú ímeèlì. Tí dátà àwọn èèyàn bá sì ti jáde, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ NDPC, tó ń bójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, létí, nítorí náà ẹ mọ ẹni tí yóò kọ lẹ́tà náà kí ọjọ́ náà tó dé.

Mọ́mì ló ń tẹ bọ́tìnì jù nínú gbogbo wa báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jábọ̀ ímeèlì kan tí ọ̀gá àgbà fi ránṣẹ́ láti fóònù, tó ní kí wọ́n tètè san owó kan. Mo pe ọ̀gá, wọ́n ní àwọn ni. Mo kọ̀wé padà sí Mọ́mì: "Ẹ ṣé, mà. Ọ̀gá ni lóòótọ́, ẹ lè sanwó náà."