Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé wọ́ọ̀dù yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú oríire. Nígbà tó kàn mí, mo rò pé ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà kan níṣojú mi, ó ní 168 lórí 102. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé aṣọ ẹ̀rọ tó dì mọ́ wọn lápá ti kéré jù, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó bá kéré máa ń jẹ́ kí òǹkà ga ju bó ṣe wà lọ. Mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo di èyí tó fẹ̀ mọ́ ìyá lápá, ó di 138 lórí 84. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí tún di aṣọ kékeré mọ́ apá ẹlòmíràn tó sanra. Mo ti tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n n kò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan kan.

Ìlànà ìkọ́ni tó là mí lójú ni èyí tí dókítà kan, Neher, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1992, tí a wá mọ̀ sí One-Minute Preceptor, ìyẹn olùkọ́ oníṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tó rò. Ẹ bi í pé kí ló mú un rò bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní òfin kan tó lè lò níbòmíràn. Ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa. Ẹ tún èyí tó kù káàtó ṣe. Àkọ́kọ́ ló le jù, torí ó gba kí èèyàn panu mọ́. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn tún ṣẹlẹ̀, mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn pé, "Báwo lo ṣe rí òǹkà yìí sí?" Ó dákẹ́. Ìdáhùn ti dé etí ètè mi, mo gbé e mì, mo ń ka ení, èjì nínú. Ó wo apá bàbá náà, ó fọwọ́ kan aṣọ, ó ní, "Mà, ó jọ pé èyí kéré fún wọn."

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó lọ, àti ohun tí òfin gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n dín iye aláìsàn yín kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Èwo lo ti fọwọ́ ara rẹ ṣe rí, èwo lo kàn wò?" Ìdáhùn méjèèjì jìnnà síra gan-an. Kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ aláìsàn náà.

Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣèpalára, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyókù, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe gan-an. "O ń gbìyànjú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà.

Èyí tó ṣì ń dùn mí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí iṣẹ́ kò yé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ń retí pé yóò yí padà, mo sì buwọ́ lu ìwé rẹ̀ pé ó yege lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ká ní mo ti pe olùkọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì ni, wọn ì bá ráyè ràn án lọ́wọ́.