Ìràwọ̀ Bàbá Àgbà

Lánàá ni Mọ́mì ṣí àpótí tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Abẹ́ aṣọ òfì tó ti gbó la ti rí i: ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà, rìbọ́nnì rẹ̀ ṣì pupa láàárín. Burma Star, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó jagun ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo ń wá orúkọ Bàbá. Kò sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í fín orúkọ sára ìràwọ̀ ogun wọ̀nyẹn.

Bàbá ò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n fi wọṣẹ́ ológun. Division 81 ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń lo alántakùn dúdú bí àmì. Ní 1944, wọ́n bá àwọn ọmọ ogun Japan jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Orí ni wọ́n fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ la igbó kọjá. Mọ́mì ní Bàbá kì í sọ̀rọ̀ ogun rárá, àmọ́ bí òjò bá ń rọ̀ lóru, wọ́n á dìde jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Military Medal, àmì ẹ̀yẹ onífàdákà tí wọ́n ń fún akọni nígbà yẹn, orúkọ ẹni máa ń wà létí rẹ̀. Bàbá ò gba ìyẹn. Akọni ni wọ́n lójú tèmi.

Mo fi ìràwọ̀ náà kọ́ Mọ́mì láyà. Wọ́n bú sẹ́kún.