Ta Ló Jẹ Indomie Ẹ̀gbọ́n?

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ṣakí, kì í jẹun níta. Láti 1988 tí Indomie ti wọ Nàìjíríà, ó ní òun ò fẹnu kàn án rí. Torí náà, nígbà tó wá kí mi n'Ìbàdàn, tí gáàsì sì tán mọ́ wa lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an, ó ní òun á kàn sìn mí lọ sọ́dọ̀ mọ́là ni. Òun á mu tíì. Ó ní omi tó bá ti hó, kò sí àìsàn nínú rẹ̀ mọ́.

Agbowó la lọ, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Mọ́là ń ta tíì lọ́wọ́ nígbà tá a dé: ife kan wà lókè níwájú orí rẹ̀, èkejì wà nísàlẹ̀ nítòsí ìdodo, tíì ń já wálẹ̀ láàárín méjèèjì, ẹ̀kán kan ò sì bọ́ sílẹ̀. Àǹtí fi Hausa díẹ̀ tó gbọ́ kí i. Mọ́là fi ojúlówó Yorùbá Ìbàdàn dá a lóhùn, ó ní Sábó ni wọ́n bí bàbá òun sí. Láti 1916 ni Sábó ti wà níbẹ̀. Tá a bá ní ká wò ó dáadáa, mọ́là lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn jù mí lọ.

Mo ní kó bá mi se Indomie méjì, ẹyin méjì, ata díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, apá rẹ̀ tó itan mi. Tiẹ̀ ni Hungry Man méjì, ẹyin mẹ́ta, sàdíìnì, “mọ́là, ata yẹn, má ṣàánú mi o.”

“Ṣé òun nìkan ló fẹ́ jẹ gbogbo ìyẹn?” Àǹtí bi mí wúyẹ́wúyẹ́. Wúyẹ́wúyẹ́ Àǹtí, wọ́n lè gbọ́ ọ ní Òjòó.

Mo dìde lọ ra omi tútù. Ẹ̀gbọ́n náà gba ìpè, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n múná lọ. Mọ́là gbé abọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, mo ń gbọ́ fùrù, fùrù.

“Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ kì í jẹun níta?”

“Mò ń tọ́ ọ wò fún ọ ni, kí wọ́n má baà fi iyọ̀ pa ọ́.”

Ó tọ́ ọ wò títí ṣíbí fi ń ha ìdí abọ́.

Iná dé. Abọ́ tèmi wà níwájú mi, ẹyin méjì lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Abọ́ iwájú Àǹtí ti mọ́ fónífóní, àfi ìrù sàdíìnì kan létí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dé.

“Mọ́là, Indomie mi dà?”

“Mo ti gbé e kalẹ̀ o.”

Àǹtí fi etí ìborùn nu ẹnu. “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ọmọ yìí ni. Láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ló máa wo ojú àbúrò ìyá rẹ̀ kó ní irọ́ ló ń pa? Mo dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta Agbowó pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì mi, mo sì sanwó Hungry Man méjì mìíràn. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ẹ̀gbọ́n ti ń pe Àǹtí ní “Mọ́mì mi”, ó ń kìlọ̀ fún mi pé kí n máa tọ́jú wọn.

Ata ló bá mi gbẹ̀san. Omi ń dà lójú Àǹtí, ó ń dà nímú, ó ní áìsìkíríìmù nìkan ló lè gba òun là. A wọ Micra lọ sí Bódìjà. Ọmọbìnrin tó ń tà á bẹ̀ wá, ó ní iná tó lọ ti jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọ́, kò tíì dì padà.

“Fanílà ni tàbí ṣokoléètì, mà?”

“Èyí tó bá tutù jù. Bù ú wá bẹ́ẹ̀.”

Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Ó wá béèrè bóyá wọn kì í ta àkàrà mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi pè mí. “Àǹtí rẹ ní oúnjẹ olóúnjẹ lò ń jẹ ní gbangba. Ṣé ebi ń pa ọ́ tó bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn ni?” Kí n tó la ẹnu, áláàtì ti dún: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, owó gáàsì.

Mo yíjú, mo rí Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn ti wà lórí, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀.

“Ó ti wọlé? Mọ́là yẹn, ṣé ó máa ń ṣí lọ́sàn-án?”