Wọ́n ní mo kó owó fíìmù jẹ: ohun tí mo kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá onífíìmù mójú tó channel YouTube ní Ìbàdàn níbí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. View, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n wo fíìmù, kọ́ ni owó. Kí fíìmù tí mo bá wọn gbé sórí channel tó jáde ni mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó dá owó rẹ̀, ẹlẹ́rìí mi wà láàyè, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ nígbà náà?

Bó ṣe wọ mílíọ̀nù view báyìí ni àwọn tó dá owó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní Akọ́bọ̀. Alert wọlé, kò dé ìdajì ohun tí wọ́n fọkàn sí. Alhaji tí owó tiẹ̀ pọ̀ jù ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ring Road. Mo débẹ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí àga. Wọ́n ti pè é ṣáájú mi. Wọ́n tún pe ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, pé òun ló mọ ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ní iye tí wọ́n ń san lórí view ní Amẹ́ríkà nìyí, ẹ sọ ọ́ di ti mílíọ̀nù, ẹ wo iye tó sọnù. Alhaji wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Fúnkẹ́ Akíndélé ń pa bílíọ̀nù, ìwọ gbé eléyìí wá bá mi. Ṣé mo jọ ọ̀dẹ̀ lójú ẹ ni?"

Wọ́n ní kí n ṣí áàpù báǹkì mi. Mo ṣí i. Wọ́n rí owó aṣọ-ẹbí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi dá sọ́wọ́ mi, wọ́n ní ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi bá kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Alhaji, ẹ fún un láyè, á dá a padà." Á dá kí ni padà? Ọmọ ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Ti Alhaji kò dùn mí tó ìyẹn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a kò tíì jọ sọ̀rọ̀ dáadáa.

Mo lọ tẹ gbogbo ohun tó wà nínú YouTube Studio, ibi tí oníchannel ti ń rí view àti owó rẹ̀, sórí ìwé, mo kó o fún wọn, wọ́n kà á, ọ̀rọ̀ parí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ibi tí òǹwòran wà. Nàìjíríà níbí ni ọ̀pọ̀ tiwa wà, owó tí àwọn onípolówó ń san lórí ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá kò sì sún mọ́ èyí tí wọ́n ń san lórí ará Lọ́ńdọ̀nù. YouTube ń mú 45 nínú gbogbo 100 owó ìpolówó fíìmù. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ òǹwòran Amẹ́ríkà wá, wọ́n tún ń yọ owó-orí 30 nínú 100 lára tiwa tí a wà ní Nàìjíríà. Àárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀lé e sì ni owó oṣù kan ń jáde, nítorí náà view ọ̀sẹ̀ yìí kò lè sí nínú alert ọ̀sẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé gbogbo ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà inú Studio tó ń fi ibi tí òǹwòran ti sá lọ hàn, òun ni kí ẹ máa wò. Tiwa wó lulẹ̀ bí ògiri àlàpà níbi tí wọ́n ti ń ki baálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ibi tí dírẹ́kítọ̀ fàáké kọ́rí pé òun kò ní gé. Ìpolówó tí a fi sáàárín fíìmù, ẹni tó ti lọ kò lè rí i. Wọ́n ti ka view rẹ̀, owó kò tẹ̀lé e. Mo tún un sọ: wọ́n ti ka view rẹ̀! Iye ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa sọ fún olówó yín.

Ti bílíọ̀nù yẹn náà ńkọ́? A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2023, ni fíìmù Nollywood tó kọ́kọ́ kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Owó-orí wà níbẹ̀, ilé sinimá ń mú tiwọn, ẹni tó gbé e kiri ń mú tirẹ̀, kó tó kan ẹni tó ṣe é. Ẹ má sì fi náírà 2020 wé ti 2023, tíkẹ́ẹ̀tì ti gbówó lórí. Ẹ ka iye ènìyàn tó wọlé. Ọ̀rọ̀ view náà la tún ń sọ.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí mo tún ń bá Alhaji ṣiṣẹ́. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, owó ló ń ṣe fíìmù. A ti ń gé èyí tó kàn lọ́wọ́. Studio gbà kí ènìyàn máa wo ohun gbogbo láìlè yí nǹkan kan padà, nítorí náà mo ti fi Alhaji síbẹ̀, mo sì fi ọmọ tó ń tún fóònù ṣe náà kún un.