Ẹran Aago Mẹ́fà

Ẹni tó bá tún pè mí ní "Aago Mẹ́fà" ní gbangba, mi ò ní dá a lóhùn mọ́. Mo mọ̀ pé Akọ̀wé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ló ń tan orúkọ yẹn kálẹ̀. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí Akọ̀wé ṣe ń ròyìn rẹ̀ kiri, ó ti bu ọbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ti tó mi.

Alága ló yege. Lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹrin, ó yege nínú ìdánwò ọkọ̀ wíwà lẹ́ẹ̀karùn-ún. (Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yẹn, ẹ jẹ́ ká fi bò ó. Gbogbo yín kúkú mọ̀ ọ́n.) A ní irú oríire báyìí ò gbọdọ̀ lọ lásán, ni Dókítà bá ní òun mọ ibì kan. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀. Ẹni tó di Dókítà nípasẹ̀ ohun tó sọ ọ́ di Dókítà, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti máa gba ìmọ̀ràn?

Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹun nínú òkùnkùn ni. Kì í ṣe irú èyí tí àbẹ́là ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí tábìlì o. Òkùnkùn biribiri ni mò ń sọ, tó bá jẹ́ pé o gbé ọwọ́ síwájú ojú ara rẹ, ẹ̀rí ọkàn nìkan ló máa sọ fún ọ pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Afọ́jú ni gbogbo àwọn agbáwo wọn. Nínú ilé yẹn, àwọn ló ríran, àwa là ń táràrà.

Èmi tí mi ò lè rí nǹkan tuntun kí n má ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo ti lọ kà nípa rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Nínú ọkọ̀, mo ń sọ fún wọn pé ní 1999, wọ́n ṣí irú rẹ̀ kan sí Zürich, ní Switzerland, pé àwọn afọ́jú ló dá a sílẹ̀, pé orúkọ eré ọmọdé ni wọ́n fún un, eré tí wọ́n ti máa ń fi aṣọ di ọmọ kan lójú kó máa wá àwọn yòókù kiri, bíi bojúbojú tiwa. Ta ló bi mí? Kò sẹ́ni tó bi mí. Akọ̀wé kàn tẹ́ rédíò sókè díẹ̀.

Mo sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yìí wò. Mò ń lọ mu ọbẹ̀ nínú òkùnkùn, mo wá mú ṣẹ́ẹ̀tì tó funfun jù lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo lọ àpò àyà rẹ̀ lọ́tọ̀ títí tó fi dúró ṣánṣán bí àpótí ìdìbò. Mo tún pààrọ̀ bàtà kó lè bá bẹ́líìtì mu. Níwájú ta ni? Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ká má tíì wá sọ bẹ́líìtì.

Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba fóònù wa àti aago ọwọ́ Dókítà tó máa ń tàn, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Bàbá agbáwo kan wá, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá wa. Ó ní kí kálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún lé èjìká ẹni tó wà níwájú. Ó ṣíwájú, Alága tẹ̀ lé e, Akọ̀wé tẹ̀ lé Alága, èmi, Dókítà. Bí a ṣe ń wọlé, mo di ojú mi. Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń sá fún.

Nígbà tí a jókòó, mo fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Mo ní, "Ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ojú èèyàn tó mọ́ òkùnkùn dáadáa. Ẹ ní sùúrù. Tó bá yá, màá máa ríran, màá sì máa sọ fún yín bó ṣe ń lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Ọ̀gá mi, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bíńtín bá wà nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ibí ò ní ìkankan. Ẹ lè jókòó di ọ̀la."

Ó bi mí bóyá àga rọ̀ mí lọ́rùn. Mo mi orí. Ó tún bi mí. Mo tún mi orí, mo wá fi ẹ̀rín músẹ́ kún un.

"Bàbá, ẹ má bínú," Akọ̀wé ní, "orí ló ń mì fún yín."

Báwo ló ṣe mọ̀? Ìyẹn ló dùn mí jù.

Oúnjẹ dé. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n sè fún èèyàn, wọ́n ní ẹnu ni kó dá a mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá sọ ni pé kí a fi ojú inú wo àwo wa bí aago: ẹran wà ní aago mẹ́fà, ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, àwọn yòókù wà láti aago mẹ́sàn-án lọ sí mẹ́ta, abọ́ ọbẹ̀ wà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe máa ń júwe àwo fún ẹni tí kò ríran nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé àwo tèmi kalẹ̀ tán ni mo ti dì í mú tí mo sì yí i. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbóná ni. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe yí àwo ni mo yí àkókò. Gbogbo wọn wà ní aago mẹ́fà. Tèmi ti lé ní aago mẹ́jọ.

Nínú àwákiri yìí, mo fi fọ́ọ̀kì gún nǹkan kan. Ó wúwo. Ìdùnnú sọ nínú mi. Mo rọra gbé e sókè, mo la ẹnu, mo pa ẹnu dé. Irin lásán. Wọ́n máa ń ní ọwọ́ kì í ṣìnà ẹnu nínú òkùnkùn. Ẹni tó sọ ọ́, ọwọ́ ló fi ń jẹun, kì í ṣe fọ́ọ̀kì.

Mo gbà pé kò sí nǹkan lẹ́nu fọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀. Mo padà sí aago mẹ́fà, pẹrẹsẹ. Mo rin aago náà yí ká, mo rí nǹkan rírọ̀ kan, mo fi sẹ́nu, mo kéde pé, "Ẹja rèé! Ẹja gidi!"

"Olú ni," Bàbá dáhùn láti ẹ̀yìn mi.

Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti sá padà sínú ohun tí mo kà. Mo ní ní 2001, ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ kan fi àwọ̀ pa wáìnì funfun láró pupa, wọ́n gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe wáìnì pupa ni wọ́n sì fi júwe òórùn rẹ̀. Mo ní ojú ló ń darí imú.

Dókítà ní, "Àwọn yẹn ríran, wọ́n ṣì í. Ìwọ ò ríran, o tún ṣì í. Ẹjọ́ ta lò ń rò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Mo rántí pé Dókítà ló jókòó tì mí. Mo rántí ohun tó ṣe níbi ìkómọjáde yẹn. Mo dìde. "Dókítà, ẹran mi dà?"

Ó búra. Ó fi ìyá rẹ̀ búra. Mo ní kó fi bàbá rẹ̀ náà kún un. Àyà mi ń gbóná, ó ń gbóná ní apá òsì gan-an, mo sì ń sọ fún ara mi pé báyìí ni ìbínú ṣe máa ń rí lára olódodo tí wọ́n bá rẹ́ jẹ. Mo pe Bàbá. Mo ní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn ò gbé ẹran fún mi. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọwọ́ òun lòun fi gbé e kalẹ̀, àmọ́ kò bá mi jiyàn. Wọ́n gbé òmíràn wá, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Mo gbà á bí ọba. Mo tiẹ̀ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe.

Wọ́n gbé kéèkì Alága dé pẹ̀lú àbẹ́là tí wọn ò tàn, torí iná ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Alága tún fẹ́ ẹ. Ṣúgà tó wà lórí kéèkì bá fò sí wa lójú. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ dúpẹ́. Ó dìde, a gbọ́ tí àga rẹ̀ sún, a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wá ń jìnnà sí wa bí ohùn ẹni tó wọkọ̀. Láti ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún ló ti ń sọ pé, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àtàtà tí ẹ yí mi ká yìí..." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ọkọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tó kọ́ ọ ṣáájú ìyẹn, tó ní òun ò ṣe mọ́. Ó wá ní, "Pàápàá jù lọ Dókítà, tí mo gbé ọwọ́ lé lórí báyìí."

Ohùn obìnrin kan dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gèlè mi ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Tábìlì tí a ò mọ̀ rí pàtẹ́wọ́ fún Alága, wọ́n tún kọrin fún un. Bàbá ló lọ fà á padà.

Nígbà tí a bọ́ sí ìmọ́lẹ̀, gbogbo wa ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn ará tábìlì yẹn jáde tẹ̀ lé wa, obìnrin náà ń to gèlè rẹ̀, ó ń bèèrè pé ta ni oníwèé ìwakọ̀ nínú wa. Ìgbà yẹn ni inú mi dùn jù ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà. Nǹkan ẹ̀sín ti dé, kì í sì í ṣe èmi. Mo rẹ́rìn-ín Alága títí mo fi tẹ̀ kòlòbà, títí mo fi gbé ọwọ́ lé àyà.

Àyà mi rọ̀.

Akọ̀wé ti ń wò mí. Ọbẹ̀ ti fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìdí bẹ́líìtì mi lọ sókè, tààrà, bí ojú ọ̀nà lórí máàpù, àpò àyà tí mo lọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sì ni ìlú tí ọ̀nà náà já sí. Ẹnu àpò là sílẹ̀ dáadáa. Irin tí mo fi lọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́.

"Kí ló wà nínú àpò ẹ yẹn?" Akọ̀wé bi mí.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá, tó ń gbé fóònù wa bọ̀, dúró. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́?"

Dókítà, olè, ọmọ bàbá tí mo fipá mú un fi búra, ló dá a lóhùn. "Bàbá, ẹran aago mẹ́fà ti délé."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ogiri gbé ara rẹ̀ ró. Nígbà tó rí ohùn, ó ní, "Ọ̀gá mi, ìṣẹ́jú 30 yín ti wá pé."

Ẹ má bi mí mọ́ pé kí ni mo fi ẹran náà ṣe. Mo yọ ọ́, mo wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa fojú kan ara wa nìyẹn, mo sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó ti tutù, ó sì dùn. Mo san owó èkejì láìjẹ́ kí wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Alága ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun la torí rẹ̀ wá, òun ló máa wa ọkọ̀ padà sílé. A jókòó, a de bẹ́líìtì, kò sẹ́ni tó gbin. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó rọra jáde sójú títì, jẹ́jẹ́, ó ń wo iwájú gan-an.

A ti rìn díẹ̀ kí Dókítà tó sọ ọ́ láti ẹ̀yìn.

"Alága, jọ̀ọ́. Tan iná ọkọ̀."